Ọkùnrin Tó Máa Ń Béèrè Iye Àtẹ̀gùn

Àwa ará Kolkata, bí ìsinmi ọdún Puja bá ti ń súnmọ́lé, ara wa kì í gbélé mọ́. Ẹni tí kò ní ibì kankan láti lọ pàápàá á máa yẹ ìwé àkókò rélùwéè wò bí ẹni tó ń ka ìwé mímọ́. Ní àdúgbò Bagbazar, ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó ń di ẹrù àjò tí kì í kọ́kọ́ ya ọ̀dọ̀ Nripati Samaddar.

Nripati kì í ṣe ọlọ́lá, kì í sì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Akọ̀wé ni ní ilé-iṣẹ́ tíì kan, òun ló ń fi lẹ́tà wọn ránṣẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń lẹ sítáǹbù, títí àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fi pẹlẹbẹ. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tó bá gbé ife tíì rẹ̀ lọ́wọ́, tó jókòó sórí pèpéle iwájú ilé, ọba ni. Àwọn èèyàn á yí i ká, kálukú á máa sọ ibi tó ń lọ, Nripati á sì máa fi pẹ́ńsùlù aláwọ̀ búlúù kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé àwòrán ló mọ̀ jù. Ó ní òkè kì í tilẹ̀kùn, odò kì í gba ìsinmi, ṣùgbọ́n ilé àwòrán ní ọjọ́ tí wọ́n ń tì í, ó ní yàrá tí wọ́n ń tún kùn lọ́wọ́, ó sì ní àwòrán tí wọ́n ti gbé lọ sí ìlú mìíràn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá kọ̀wé síwájú á rin ìrìn ọjọ́ méjì lọ wo àgádágodo. Nítorí náà ló ṣe máa ń kọ̀wé. Á kọ lẹ́tà sí ilé àwòrán ní Delhi, ní Bombay, ní Madras, á fi àpòòwé ìdáhùn tó ti lẹ sítáǹbù mọ́ sínú ẹ̀. Á béèrè ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n lè gba àlejò. Á béèrè ibi tí omi mímu wà, àti bóyá àga wà tí arúgbó lè jókòó sí níwájú àwòrán. Kò sì sí lẹ́tà tí kì í ti í béèrè iye àtẹ̀gùn, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ràn lọ́wọ́ ni orúnkún ń dùn. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kó má baà dà bí ẹni pé ó ń wá ojúrere fún ara rẹ̀, á kọ ọ́ pé: “Olùkọ̀wé yìí kò sí lára àwọn àlejò náà.”

Bí ìdáhùn bá dé, á to ìlànà ìrìn-àjò náà sórí bébà kan fún ẹni tó ń lọ. Òfin kẹrin rẹ̀ kì í yí padà: “Ẹni tó bá sọ káàdì ìwọlé rẹ̀ nù kó má bá aṣọ́nà jà. Kó yíjú padà, kó lọ mu tíì, kó gba kádàrá.”

Gbólóhùn ìsàlẹ̀ lẹ́tà yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Nripati kò lọ síbì kankan rí. Lọ́dún kan, àìsàn ìyá rẹ̀ ni. Lọ́dún kejì, wọn ò fún un ní ìsinmi. Lẹ́yìn ìyẹn, owó ilé-ìwé ọmọ, ìgbéyàwó ọmọ. “Tó bá di ọdún tó ń bọ̀” ni orin rẹ̀, Bibha, ìyàwó rẹ̀, sì ti mọ ègbè orin náà dáadáa. Kì í bá a jà. Á kàn bọ́ síta gbé tíì fún àwọn àlejò orí pèpéle, á ní, “Bàbá Tuktuk, ṣé ẹ ti bá wọn béèrè iye àtẹ̀gùn tó wà láti ilé ìdáná wa dé ìta? Èmi náà fẹ́ rìnrìn-àjò.” Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, Nripati náà á rẹ́rìn-ín, á sì yára wo ìwé àkókò rélùwéè.

Bibha ní ibì kan ṣoṣo tó fẹ́ lọ láyé, tàbí ká sọ pé nǹkan kan ṣoṣo ló fẹ́ rí. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó ń kọ́ àwòrán yíyà lọ́dọ̀ obìnrin kan tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí Kamalini. Àǹtí yìí ní kó wá jókòó fún òun lórí àtẹ̀gùn adágún tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé, kí òun fi í ya àwòrán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni Bibha fi jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án lọ́sàn-án. Àǹtí Kamalini kì í kánjú. Ojú ló máa ń kùn kẹ́yìn, ó ní ojú ni ìdí iṣẹ́. Ibi tí wọ́n dé nìyí tí àwọn ẹbí Samaddar fi wá wo ìyàwó.

Pishima, àbúrò bàbá Nripati lóbìnrin, ló ṣíwájú wọn. Ó wo irun Bibha, ó wo ìrìn rẹ̀, ó ní kó gbé etí sárì rẹ̀ sókè díẹ̀. Ló bá rí i: ìka ẹsẹ̀ kejì gùn ju àtàǹpàkò lọ. “Ha,” ni Pishima wí, “èyí á máa pàṣẹ fún ọkọ rẹ̀.” Ṣùgbọ́n Nripati ti rí ojú ọmọge náà, ọ̀rọ̀ ìka ẹsẹ̀ ò sì wọ̀ ọ́ létí. Wọ́n ṣí ìwé ọjọ́, ọjọ́ rere kan ṣoṣo ló kù kí oṣù tí wọn kì í gbéyàwó tó wọlé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni gbogbo ètò. Bibha di ìyàwó, àwòrán kò sì tíì lójú.

Láti ìgbà náà, kò rí Àǹtí Kamalini mọ́. Ó gbọ́ pé ó parí àwòrán náà, pé wọ́n rà á lọ sí Delhi, pé inú yàrá ìkẹ́rùsí ló wà. Nígbà míì tó bá ń gé ewébẹ̀, á dédé sọ pé, “Ojú ta ló wá fi síbẹ̀? Àbí ó rántí tèmi?” Nripati á tẹjú mọ́ ìwé àkókò rélùwéè rẹ̀. Ó mọ̀ pé ìgbéyàwó òun ló fa obìnrin yìí dìde lórí àtẹ̀gùn, ọ̀rọ̀ náà sì máa ń dùn ún ju bó ṣe ń jẹ́ kó hàn lọ.

Ìgbà tó di ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n ìgbéyàwó wọn, ìwé ìròyìn gbé e jáde pé Àǹtí Kamalini ti kú, pé ilé àwòrán ńlá kan ní Delhi yóò kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ síta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, lẹ́yìn náà wọn yóò kó wọn padà sínú yàrá ìkẹ́rùsí. “Ọmọbìnrin Létí Adágún” wà lára wọn. Èrò sì pọ̀ débi pé ẹni tó bá ní káàdì nìkan ni wọn yóò jẹ́ kó wọlé.

Nripati ka ìròyìn náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. Kò mẹ́nu kan ọdún tó ń bọ̀. Ó mú bébà, ó kọ lẹ́tà sí Delhi fún èèyàn méjì, nígbà tó sì dé ìsàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó fi gbólóhùn yẹn sílẹ̀ láìkọ.

Káàdì dé lọ́jọ́ kọkànlá: ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́ta ọ̀sán, èèyàn méjì. Nígbà náà, ọjọ́ mẹ́ta péré ni yóò kù kí àfihàn náà parí. Ọkọ̀ ojú irin kan ṣoṣo tí àyè ṣì wà nínú rẹ̀ ni èyí tó ń kúrò ní ibùdó Howrah ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n sì ní láti fi ilé sílẹ̀ lọ́sàn-án kí wọ́n tó lè bá a. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Pishima ti lé ní ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó ń rí ìwé ọjọ́.

“Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Nripu? Ṣé orí ẹ pé? Wákàtí burúkú ni. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ kúrò nílé lásìkò yẹn, nǹkan tó ń wá lọ kò ní bọ́ sí i lọ́wọ́.”

“Pishima, ọkọ̀ ò sí lọ́jọ́ míì.”

“Èmi kọ́ ni mo ṣe rélùwéè.”

“Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká wá ṣe?”

“Ohun tí àwọn bàbá ẹ ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí ẹrù kọ́kọ́ lọ.”

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn lóòótọ́. Bí ọjọ́ rere kò bá bá ọjọ́ ọkọ̀ mu, èèyàn á gbé ẹrù kan jáde kúrò nílé lọ́jọ́ rere, á fi pamọ́ sílé aládùúgbò. Àjò ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹlẹ́rù bá tilẹ̀ jáde lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ṣe ló kàn ń lé ẹrù rẹ̀ bá. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, láàárín aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ sí mẹ́sàn-án ààbọ̀, Pishima ní kí wọ́n gbé àpò kékeré kan wá. Wọ́n kó ìborùn àtijọ́ Bibha sínú ẹ̀, àti ìrẹsì ẹ̀kúnwọ́ kan àti ewé betel fún oríire.

“Ẹ má bínú,” ni Pishima wí, “kí gan-an ni olórí nǹkan tí àjò yìí dá lé lórí?”

Nripati fi ìka kan fáìlì pupa tó wà lórí tábìlì. “Káàdì inú ibí yìí ni. Láìsí òun, ẹkún tá a bá sun níbẹ̀, asán ni.” Ó sì wọlé lọ wẹ̀.

Àpò lọ sílé Ìyá Jhontu ní òdìkejì òpópónà. Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí Nripati àti Bibha kọjá lọ gbà á, àgádágodo ńlá ló kí wọn. Ọmọ Ìyá Jhontu tó wà ní Krishnanagar ń rọbí, wọ́n ti wá pè é láàárọ̀ kùtù. “Ìborùn lásán ni,” ni Nripati wí, “jẹ́ ó wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ò ní dúró.” Tuktuk, ọmọ wọn obìnrin, tó ti ilé ọkọ wá dúró ti Pishima, juwọ́ sí wọn títí wọ́n fi yà lóríta.

Ọkọ̀ ti kọjá Bardhaman, wọ́n ti jẹ luchi, búrẹ́dì pẹlẹbẹ díndín, pẹ̀lú ọ̀dùnkún tí Bibha dì mọ́wọ́, kí Nripati tó ní òun fẹ́ fi ojú rí káàdì náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ṣí báàgì. Ó tú u. Ó kó gbogbo aṣọ rẹ̀ sórí ìjókòó. Kò sí fáìlì pupa tó rò pé Bibha ti dì mọ́ ẹrù.

Bibha ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. “Pishima ni.”

“Pishima báwo?”

“Ẹ ò rántí bó ṣe bi yín pé kí ni olórí nǹkan? Ẹ sì nawọ́ sí i. Ó ti fi sínú àpò tó ń lọ lọ́jọ́ rere.”

Nripati jókòó sórí aṣọ tó tú ká. Ọkùnrin tó ti ran bí igba èèyàn lọ síbi àwòrán, tó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n pín ìwé wọn sí ọ̀nà mẹ́ta, ọ̀kan ní àyà, ọ̀kan nínú báàgì, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹlòmíì! Tirẹ̀ ṣe iyebíye lójú rẹ̀ débi pé ojú kan ló kó gbogbo rẹ̀ sí. Ìwé ọkọ̀ nìkan ló wà lápò àyà rẹ̀. Ó sọ lóhùn kékeré pé, “Mo ti bà á jẹ́ fún ẹ lẹ́ẹ̀kejì.”

“Báwo ló ṣe jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì?”

Nripati dìde lórí aṣọ náà. Bibha bẹ̀rẹ̀ sí ká aṣọ padà sínú báàgì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n kó ẹrù wọn sílé àlejò àwọn ará Bengal tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ńpìlì Kali, wọ́n sì dé ẹnu-ọ̀nà ilé àwòrán ní aago méjì ààbọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Èrò tò bí ìlà èèrà. Aṣọ́nà kan tó ní irunmú ńlá na ọwọ́.

“Káàdì.”

“Ó wà ní Kolkata,” ni Nripati wí.

“Ẹ̀yin náà ò bá ti dúró tì í níbẹ̀. Ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bàbá. Gbogbo àyè ti kún títí di Àìkú.”

Nripati kò mọ ìjà ẹnu-ọ̀nà jà. Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òfin kẹrin ń dún létí rẹ̀. “Ìyá Tuktuk, jẹ́ ká lọ mu tíì.”

Bibha jókòó sórí ìpìlẹ̀ ògiri. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó dé ilé.

“Èmi ò mu tíì.”

“Wọ́n ní kò sáyè.”

“Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn.”

“Lẹ́tà? A wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, o ní kí n kọ lẹ́tà?”

“Ọgbọ̀n ọdún lẹ fi kọ ọ́ fún ìyá lágbájá àti bàbá làkáṣègbè, wọ́n sì ń dá a lóhùn. Ẹ kọ tèmi. N ò kúrò níbí.”

Pishima ti wí i tipẹ́, pé èyí á máa pàṣẹ. Nripati jókòó tì í, ó gbé báàgì lé orúnkún, ó sì kọ lẹ́tà náà bó ṣe ń kọ ọ́ látayébáyé. Ó kí wọn, ó sọ ọ̀rọ̀ káàdì, ó sọ ti àpò àti ti Pishima. Ó sọ pé ìyàwó òun ló jókòó fún àwòrán náà nígbà tó wà lọ́mọge, pé kò tíì fojú rí i. Ó béèrè iye àtẹ̀gùn. Ó dì í, ó kọ àdírẹ́sì sí i lára, ìgbà tó yá, ó lẹ sítáǹbù mọ́ ọn.

Aṣọ́nà yí àpòòwé náà síwá sẹ́yìn. “Bàbá, ogún ìṣísẹ̀ ni mo máa fi gbé e dé ọ́fíìsì. Kí ni sítáǹbù ń ṣe níbẹ̀?” Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gbọ̀n ọ́n, ó sì gbé e wọlé.

Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, obìnrin kan yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó sanra, ó wọ súwẹ́tà mọ́ sárì. Lẹ́tà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ta ni Samaddar ti Bagbazar?”

Nripati dìde bí ọmọ iléèwé.

“Ẹ̀yin nìyí?” Obìnrin náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. “Èmi ni Sudesh Bhatnagar. Èmi ni mò ń dá lẹ́tà yín lóhùn láti ọdún mẹ́rìnlá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti torí yín ka àtẹ̀gùn ilé yìí. Ẹ̀yin kan náà lẹ tún ń béèrè!”

“Mélòó ni?” ni Nripati béèrè.

“Méjìdínlógójì. Ẹ má yọ mí lẹ́nu.” Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń yọ lójú rẹ̀. “Gbogbo lẹ́tà yín ló ń parí sí pé ẹ ò sí lára àlejò. Mo máa ń sọ ọ́ nílé pé irú èèyàn wo lèyí? Lóṣù tó kọjá, lẹ́tà kan dé tí gbólóhùn yẹn ò sí nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo yí i wò lẹ́yìn. Mo fi han gbogbo ọ́fíìsì, mo ní bàbá yìí ń bọ̀ fúnra ẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́ta, èèyàn méjì. Ṣé mo nílò káàdì kó tó yé mi? Ẹ wọlé. Ìyá, ẹ wọ bàtà yín, ilẹ̀ tutù nínú.”

Bí Pishima bá wà láàyè títí di òní, á ṣì máa sọ pé àpò tó lọ ní wákàtí rere ló ṣílẹ̀kùn. Ìgbà tó sọ ọ́ fún wọn nílé, kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Wọ́n gun àtẹ̀gùn méjìdínlógójì. Nripati ń kà á lábẹ́ ètè. Àwòrán náà wà ní yàrá kẹta, kò tóbi ju pẹrẹsẹ ìgbóunjẹ lọ. Èrò bò ó, ìgbà tí wọ́n sì yà fún wọn, ẹ̀rù ba Nripati, ó tẹ ojú mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ méjì létí omi, omi bo ìgìgísẹ̀, ìka kejì sì gùn ju àtàǹpàkò lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń rí ìka yẹn. Ọkàn rẹ̀ fò.

“Ìwọ ni,” ló wí. “Wò ó, ìwọ ni.”

Bibha sún mọ́ àwòrán náà. Nripati wá gbójú sókè. Ojú tó wà lórí ọrùn ọmọge náà kì í ṣe ti ọmọge. Ojú obìnrin ogójì ọdún ni, ìlà wà létí ẹnu rẹ̀, àmì dúdú kékeré wà ní àgbọ̀n.

“Àǹtí Kamalini nìyẹn,” ni Bibha wí. “Nígbà tí mo lọ, kò wá ẹlòmíì. Dígí ló wò. Ó wá jókòó sí àyè mi fúnra ẹ̀.”

Ìtìjú bo Nripati mọ́lẹ̀. Gbogbo ọ̀nà yìí, gbogbo lẹ́tà yìí, ojú ìyàwó rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Ó fẹ́ tọrọ àforíjì. Ìgbà tó yíjú sí i, ẹ̀rín ni Bibha ń rín, ẹ̀rín gidi tó ń mi èjìká.

“Bàbá Tuktuk, látọjọ́ yìí ni mo ti ń rò pé ojú mi ni mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àǹtí. Àṣé ẹsẹ̀ mi ni. Abájọ tí n ò fi lọ síbì kankan látìgbà náà.”

Yẹ̀yẹ́ ló fi ṣe. Àwọn tó wà lẹ́yìn wọn ń sún wọn kí wọ́n yà. Ṣùgbọ́n Nripati dúró lójú kan, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára, ó sì rántí gbogbo “ọdún tó ń bọ̀” tó ti sọ, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó fi ọwọ́ wá pẹ́ńsùlù búlúù nínú àpò rẹ̀. Ó yí àpòòwé tí Ìyáàfin Bhatnagar dá padà fún un sí ẹ̀yìn.

“Ibo lo tún fẹ́ ká lọ?”

Bibha kò yíjú kúrò lára àwòrán. “Madras,” ló wí, kíákíá, bí ọ̀rọ̀ tó ti wà létí ahọ́n rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. “Mo gbọ́ ọ lẹ́nu yín nígbà tí ẹ ń kọ tàwọn ará ilé ẹ̀gbẹ́.”

Nripati kọ Madras. Ó kọ ọ́ pé kí wọ́n sọ iye àtẹ̀gùn. Ó kọ ọ́ pé èèyàn méjì. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó na ọwọ́ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà kó má baà ṣì wọ́n lójú: Olùkọ̀wé yìí wà lára àwọn àlejò náà.